Lẹ́tà Tí Mo Bá Yín Kọ sí Ìbídùn

Bàbá mi, ẹni tí mo máa ń bá kọ̀wé,

Gbogbo lẹ́tà tí mo kọ nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni. Ẹ ó jókòó sórí àpótí ìdí ògiri, èmi ó jókòó sílẹ̀, síléètì á wà lórí itan mi bíi tábìlì, bébà á sì wà lórí síléètì. Ẹ ó máa sọ, èmi ó máa kọ. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo máa kọ sí ẹ̀yin fúnra yín, mi ò sì mọ ibi tí ó yẹ kí ojú mi máa wò bí mo bá gbé gègé sókè.

Ìkàrẹ́ ni mo wà. Mo ti di ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ẹ kò dúró gbọ́ ọ. Ọdún kìíní mi ti ń parí lọ, a ti ṣe ìdánwò tán, ó ku kí wọ́n pe orúkọ àwọn tó yege. Mi ò mọ̀ bóyá orúkọ mi máa wà níbẹ̀. Ìṣirò kò bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Kíkọ́ni ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n mú wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan kí a lọ dán ara wa wò. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì ni wọ́n fún mi, tíṣà tó ń yẹ̀ mí wò sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa àgbàdo ni. Mo gbé ṣìrì àgbàdo kan sókè, mo ní kí wọ́n sọ ohun tó jẹ́ fún mi. Ọmọbìnrin kan níwájú dáhùn pé, ‘Oúnjẹ yín ni, sà.’ Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e fò lọ kúrò lórí mi. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àgbàdo lọ́wọ́ títí aago fi lù. Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ohùn mi kò dé ẹ̀yìn kíláàsì. Òótọ́ ló sọ. Láti kékeré ni ohùn mi kò ti dé ibì kankan, ẹ̀yin náà mọ̀. Bí mo bá ń kàwé fún yín, ẹ máa ń di ojú yín, ẹ ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ etí yín síwájú, bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè.

Ẹ̀gbọ́n mi Ìbídùn kò jọ mí ní ti èyí. Ìròyìn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Òun náà ló jẹ́ kí n mú bébà.

Ìbídùn ti wọ inú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ mọ rédíò, ẹ ti gbọ́ ọ ní Ìkàrẹ́. Tẹlifíṣọ̀n dà bíi rédíò, ṣùgbọ́n èyí lójú. Àpótí ni, gíláàsì wà níwájú rẹ̀, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ẹ ó máa rí ẹnu rẹ̀ bó ti ń mì. Ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọdún yìí gan-an ni. Wọ́n ní nírọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọdé bá ti ilé ìwé dé, ètò kan wà tó jẹ́ tiwọn. Ìbídùn ló ń ṣe é. Ó máa ń jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ, gìtá rẹ̀ á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á pàlọ́, á dá orin, àwọn ọmọ á gbè é. Àǹtí Ìbídùn ni wọ́n ń pè é. Ọmọ yín tó ń kọrin hàìláìfù nílé ọtí, tí àwo orin rẹ̀ ń pariwo ní gbogbo gáréèjì, òun ló di olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ báyìí, láìlọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan.

Kò sẹ́ni tó tíì rí i ní Ọ̀kà ìlú wa, kò sì sẹ́ni tó rí i ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ní ohun tó ń gbé àwòrán náà kò lágbára láti dé ọ̀dọ̀ wa. Inú ìwé ìròyìn la ti rí i. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí Bàbá Télọ̀, aládùúgbò wa, mú ìwé náà wá. Ìyá wa ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́.

‘Ìyá Ìbídùn, ẹ wá wò ó. Ọmọ yín rèé nínú àpótí.’

Ìyá wa nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó gba ìwé náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

‘Ta ló tì í mọ́ ibẹ̀?’

‘Kò sẹ́ni tó tì í mọ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe.’

‘Àwọn ọmọ tó jókòó tì í yìí ńkọ́? Òun ló bí wọn?’

‘Rárá o. Ọmọ ọlọ́mọ ni.’

‘Wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ níbẹ̀?’

‘Ìyá Ìbídùn, ẹ̀yin náà! Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti kọrin tán, kálukú á lọ sílé ìyá rẹ̀.’

Ìyá wa dá ìwé náà padà fún un.

‘Àwọn yẹn a máa lọ sílé ìyá wọn,’ ó ní, ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀.

Bàbá, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, nítorí Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ká ní mo mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí ni, mi ò bá ti wọ yàrá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí a jọ lọ ta iṣu ní Ìkàrẹ́? Ìbídùn ti lọ nígbà náà, ó tó ọdún méjì tí a kò rí i. A ń kọjá níwájú ilé ẹnìkan tó ní giramafóònù, àwọn ọkùnrin jókòó níta pẹ̀lú ìgò ọtí wọn, orin ń lọ. Mo mọ ohùn náà kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ orúkọ yín. Orúkọ yín gan-an, Bàbá, àti orúkọ òkè wa, ó ń kì yín láàárín gìtá. Àwọn ọ̀mùtí náà dìde, wọ́n ń fi orúkọ yín jó. Ẹ dúró. Àpò iṣu wà lórí yín, ẹ kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ dúró títí àwo náà fi yí tán, tí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Lẹ́yìn náà a lọ ra iyọ̀, a sì lọ wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ gbé wa gun òkè dé Ọ̀kà.

Ọjọ́ kejì ni ẹ pè mí kí n mú síléètì wá.

Mo wà ní Sítáńdáàdì Síìsì nígbà náà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́n tó mi lójú ara mi. Èdè Ọ̀kà lẹ máa ń sọ, èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá inú ìwé. Nílé, ‘ìwọ’ ni mo ń pè yín, bí gbogbo ọmọ Ọ̀kà ṣe ń pe bàbá wọn, kò sì sí àrífín kankan níbẹ̀. Ilé ìwé ló kọ́ mi ní ‘ẹ̀yin’. Ẹ má rò pé bàbá ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o. Ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ti ń fi èdè tiwa kọ̀wé ni.

Ohun tí ẹ sọ kò gùn. Ẹ ní ẹ gbọ́ orin rẹ̀. Ẹ ní ó fi orúkọ yín sínú orin, àwọn ọ̀mùtí sì ń fi jó. Ẹ ní kó máa bọ̀ wálé. Mo kọ ọ́ báyìí, mo ṣì lè rí ìlà rẹ̀ níwájú mi: ‘Mo gbo orin re ni Ikare. O fi oruko mi sinu orin, awon omuti si nfi jo. Mo ni ki o ma bo wale. Iya re nki o.’

Ẹ ní kí n kà á. Mo kà á sókè, ẹnu mi sì kà á bí ẹ ṣe sọ ọ́: kí o máa bọ̀ wálé. Ẹ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ẹ mi orí. Mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn.

Bàbá, ẹ̀yin kò kàwé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe fún yín. ‘Ma’ méjì ló wà nínú ìwé wa. Ọ̀kan ń sọ pé kí ènìyàn má ṣe nǹkan. Èkejì ń sọ pé kó máa ṣe é. Bí a bá kọ wọ́n, lẹ́tà kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àmì kékeré kan tó tẹ̀ bí ekòló, tí a máa ń gbé lé orí ‘a’ ti èkejì láti fi hàn pé ohùn rẹ̀ gùn: mã. Mi ò gbé e lé e. Mi ò lè sọ bóyá mo gbàgbé ni, tàbí mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà, tàbí mò ń kánjú kí n lè lọ ṣeré. Mo ti bi ara mi léèrè títí.

Ìbídùn kò fèsì. Ẹ kò ní kí n kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí lọ́rí bá ti ń kérora bọ̀ lórí òkè, ẹ máa ń gbé orí sókè, ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń jẹun, òkèlè á dúró. Ẹ kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló wà nínú ọkọ̀. Ẹ kàn máa ń dúró kó kọjá ni, ẹ ó sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Mo rò pé ọkọ̀ lẹ fẹ́ràn. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Mo tilẹ̀ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá mi lè fi etí mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí òtútù mú yín láyà ní àkókò tí a ń wa iṣu, ọjọ́ kẹta tí ẹ kò lè dìde, ẹ pè mí mọ́ra, ẹ bi mí pé, ‘Lẹ́tà yẹn, ṣé ó dé ọwọ́ rẹ̀?’ Mo ní ó dé. Awakọ̀ ti sọ fún mi pé òun fi lé e lọ́wọ́. Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo ní èsì rere tí mo lè fún yín. Ẹ yí ojú sí ògiri.

Ìbídùn kò wá síbi ìsìnkú. A ránṣẹ́ sí i, kò wá. Ẹ̀yin ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ nílùú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Èmi náà sọ tèmi. Mo ní orin ti gbé e lórí.

Ní ọdún yìí, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó là mí lójú. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní Yorùbá, ìhà Ọ̀yọ́ ló ti wá, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Idà ni pẹ́ńsù pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ àròkọ kan nípa ìkórè, mo fi àdúrà parí rẹ̀: ‘Ki Olorun ma bukun fun ile wa.’ Ó pe orúkọ mi.

‘Dìde, ọmọ Ọ̀kà. Kí ni ilé yín fi ṣe ọ́?’

‘Wọn ò fi nǹkankan ṣe mí, sà.’

‘Kí ló wá dé tí o ń gbé wọn ṣépè?’

Ó gbé ìwé mi sókè, ó kà á bí àlùfáà: ‘Kí Ọlọ́run má bùkún fún ilé wa. Ẹ bá a ṣe àmín.’

‘Àmín!’ gbogbo kíláàsì ké.

Ó fi pẹ́ńsù pupa gbé ekòló náà lé orí ‘a’ mi, ó tẹ̀ ẹ́ títí bébà fi lu. Láti ọjọ́ náà, Má-bùkún ni orúkọ mi láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ojú tì mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ojú títì náà kò jẹ́ kí n ronú lọ síbi tó yẹ. Ara mi nìkan ni mò ń rò.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń lọ aṣọ, Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ṣúpárè, sáré wọlé, èémí rẹ̀ ń já.

‘Má-bùkún! Má-bùkún! Obìnrin inú àpótí ń bèèrè rẹ!’

Mo rò pé eré ni. Mo jáde, mo sì rí mọ́tò kékeré kan lábẹ́ igi, ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í. Ó ti sanra díẹ̀. Ó wọ ìró àti bùbá lásán, kò kun ojú, kò kun ètè. Òun àti ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gba ohùn sílẹ̀ ni wọ́n wá, wọ́n fẹ́ kó orin eré àwọn ọmọdé Àkókó jọ fún ètò rẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo ilé ti yí i ká.

‘Ẹ jọ̀ọ́ mà,’ Báyọ̀ ní, ‘ṣé inú àpótí yẹn kò há jù?’

‘Ó há. Mo máa ń ká ẹsẹ̀ mi kò ni.’

‘Bí ikọ́ bá gbé yín ńkọ́?’

‘Bí mo bá húkọ́, gíláàsì á fọ́. Wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù mi.’

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ wo bó ti rọrùn fún un. Ọmọ ìlú mélòó ni wọ́n jẹ́, tí kálukú ní èdè tirẹ̀ nílé, gbogbo wọn ló sì tẹ́tí sí i. Ọ̀kan nínú wọn, tó ga jù, ké láti ẹ̀yìn pé kó kọ orin Bàbá Ọ̀kà fún wọn, èyí tó wà nínú àwo. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

‘Mi ò kọ ìyẹn mọ́.’

‘Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹsẹ̀ kan péré.’

‘Mo ní mi ò kọ ọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n rí àbúrò mi.’

A lọ jókòó sórí gbòǹgbò igi lẹ́yìn ilé ìjẹun. Ó bi mí léèrè Ìyá wa. Ó bi mí léèrè ìdánwò mi, mo sọ ọ̀rọ̀ àgbàdo fún un. Ó ní, ‘Ṣé o jẹ àgbàdo náà?’ Mo ní rárá. ‘Ó yẹ kí o ti jẹ ẹ́ níwájú wọn. Wọn ì bá gba tìẹ.’ Mo ní ṣé ó máa gòkè lọ sí Ọ̀kà lónìí, ọ̀nà kò jìn. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

‘O mọ̀ pé mi ò lè lọ.’

‘Kí ló dé?’

‘Kí ló dé, àbí kí lo wí? Mo wá síbi ìsìnkú. Ẹ ò mọ̀. Mo dé gáréèjì Ìkàrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú aṣọ tí mo rà fún un. Mo jókòó ti obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ títí gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sókè fi lọ tán. Mo ní òkú kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Mo gbé aṣọ mi, mo padà.’ Ó fa koríko kan tu. ‘Má tàn mí o, àbúrò. Torí èyí gan-an ni mo ṣe wá ọ. Kí Bàbá tó kú, ṣé ó yí ọ̀rọ̀ yẹn padà?’

‘Ọ̀rọ̀ wo?’

Ó ṣí báàgì rẹ̀. Bébà náà ti ya níbi tí ó ti ká a, ó ti fi bébà mìíràn lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Mo mọ ìkọ̀wé mi. Kò ní kí n kà á, òun fúnra rẹ̀ ló kà á, bí ènìyàn ṣe ń ka ohun tó ti mọ̀ sórí: ‘Mo gbọ́ orin rẹ ní Ìkàrẹ́. O fi orúkọ mi sínú orin, àwọn ọ̀mùtí sì ń fi jó. Mo ní kí o má bọ̀ wálé.’

Bàbá, etí mi hó.

Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní lẹ́yìn lẹ́tà náà, bí òun bá di gìtá mú níwájú àwọn ọlọ́tí, ohùn òun kì í jáde mọ́. Ó máa ń rò pé ẹ dúró sẹ́yìn wọn. Ó fi ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń ta aṣọ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń kọ́ àwọn ọmọ aládùúgbò lórin lẹ́yìnkùlé, nítorí orin ọmọdé nìkan ni ojú kò tì í láti kọ. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti rí i tó mú un lọ sí ilé tẹlifíṣọ̀n. Ó ní bí iná wọn bá tàn sí òun lójú, tí àwọn ọmọ náà jókòó yí òun ká, òun máa ń sọ lọ́kàn pé, Bàbá, ẹ wò ó, kò sí ọ̀mùtí kankan níbí.

Ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ fọn fèrè mọ́tò. Ìbídùn dìde, ó ń ká lẹ́tà náà. Mo lè dákẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mo kọ́kọ́ dákẹ́. Mo wò ó bó ṣe fi í sínú báàgì, mo wò ó bó ṣe gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. Ìgbà tó na ọwọ́ sí mi láti dágbére ni ẹnu mi là.

‘Mã ni.’

‘Kí ni?’

‘Kì í ṣe má. Mã ni. Mi ò fi àmì sí i. Ó ní kí o máa bọ̀ wálé ni. Èmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́.’

Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi. Ó tún jókòó, ó mú lẹ́tà náà jáde, ó wò ó pẹ́. Ó wá yọ pẹ́ńsù tó fi ń kọ orin àwọn ọmọdé sílẹ̀ kúrò nínú irun rẹ̀, ó fi fún mi.

‘Fi sí i.’

Mo fi ekòló náà lé orí ‘a’. Ó kéré púpọ̀, Bàbá. Bí eṣinṣin bá bà síbẹ̀, ó máa tóbi jù ú lọ. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, kí n wo ẹni tí gbogbo ọmọ Ìbàdàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ohùn náà má jáde.

Nígbà tó ṣe, ó bi mí pé, ‘Báwo ló ṣe sọ ọ́?’

‘Ó ní kí o máa bọ̀ wálé.’

‘Mo ti gbọ́ ìyẹn. Ohùn wo ló fi sọ ọ́? Ṣé ó ń bínú? Ṣé ó ní kí n máa bọ̀ wálé kí n wá jẹ ìyà mi ni, àbí ó ní kí n máa bọ̀ wálé?’

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò jìnnà sí yín ju apá kan lọ, ṣùgbọ́n orí mi wà lórí bébà. Mò ń wá bí wọ́n ti ń kọ ‘ọ̀mùtí’. Mi ò gbé ojú sókè.

‘Mi ò rántí,’ mo ní.

‘Rò ó dáadáa.’

‘Mi ò rántí, Ẹ̀gbọ́n.’

Mọ́tò tún fọn fèrè. Kò bú mi. Ó fi ọwọ́ kan orí mi bí ó ti máa ń ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú àpótí yẹn, mo rò ó bẹ́ẹ̀, èmi tí mi ò rí i rí. Ó ní òun kò lè gòkè lọ síbẹ̀ kí òun má mọ ojú tí òun máa gbé wọ inú ilé náà, bóyá ojú ẹlẹ́bi ni tàbí ojú ọmọ. Ó ní bí mo bá rántí, kí n kọ̀wé sí òun.

‘Kí o sì fi àmì sí i,’ ó ní. Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Mọ́tò wọn gba ọ̀nà Àkùngbá lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ọ̀kà ti yà, mo sì dúró bí òmùgọ̀ lójú pópó, bí ẹni pé mo lè rí i láti Ìkàrẹ́ bóyá wọ́n máa yà. Wọn kò yà. Ẹnìkan ti Ọ̀kà wá lọ́jọ́ Ajé, mo bi í, ó ní kò sí àlejò kankan nílé wa.

Láti ọjọ́ náà mo ti ń gbìyànjú. Mo máa ń lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo máa ń gbé ìwé lé itan, mo máa ń di ojú. Mo rí ẹsẹ̀ yín, mo rí erùpẹ̀ oko láàárín ọmọ ìka wọn. Mo rí ọwọ́ yín tí ẹ fi ń yí orín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà kò sọnù, mo lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ ọ́, ohùn tèmi ló ń jáde, tàbí ohùn Ìbídùn bó ṣe kà á lábẹ́ igi, tàbí ti tíṣà tó ń fi mí ṣẹ̀sín. Lánàá mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó dà bí òótọ́. Mo tún sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, èyí náà dà bí òótọ́. Mo ti mú bébà láti kọ sí i pé ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, pé ẹ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, pé orin náà dùn mọ́ yín. Mo kọ ọ́ dé ìdajì. Ẹ̀rù bà mí, mo fà á ya. Mo ti fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ sí yín lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Bí mo bá tún fi òmíràn sí i, èyí tí mo mọ̀ọ́mọ̀, kí ló máa kù nínú yín tó jẹ́ tiyín?

Ọ̀la ni a máa lọ sílé fún Kérésì. Ìyá wa máa bi mí pé ṣé mo rí ẹnikẹ́ni. Ìbídùn ń retí lẹ́tà mi ní Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì ń dúró dè mí, èmi sì ń dúró dè yín.

Bàbá, nígbà tí ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, tí orí mi wà lórí bébà, báwo ni ojú yín ṣe rí?

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò gbé ojú sókè.